Wíwá Alárinà fún Ìwé Àwọn Ọmọdé

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ti parí iṣẹ́ àṣetiléwá yín, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì parí rẹ̀, ẹ fi etí kan gbọ́ mi ná.

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Òkìtìpupa títí dé Igbótako àti Ìlútitun. Wọn a ní: "Mo ti kọ ìwé ìtàn kan fún àwọn ọmọdé. Mo kà á fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí n tún un kà. Mo gbọ́ pé ní ìlú òyìnbó, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá òǹkọ̀wé wá ilé-iṣẹ́ tí yóò gbé ìwé rẹ̀ jáde. Níbo ni mo ti lè rí irú wọn?"

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹni tí ń wá òkìkí kiri. Bí olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá fẹ̀yìn tì láìrí ẹni gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, inú àpótí ni ìtàn náà yóò wà, ikán àti eku ni yóò sì kà á parí. Ọmọ tí a bí sí etí odò Olúwa yóò máa ka ìtàn yìnyín tí ń bọ́ sórí òrùlé ní ìlú òkèèrè, ṣùgbọ́n kò ní rí ojú ewé kan tí ìyá ẹnì kan ti ń yan púpurú lórí iná. Nígbà tí ó bá pẹ́, yóò rò pé àwọn tí ń gbé ibòmíràn nìkan ni a ń kọ ìwé nípa wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí à ń wá. Òyìnbó ń pè é ní éjẹ́ǹtì. Èmi yóò pè é ní alárinà ìwé, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ jọ iṣẹ́ alárinà tí ń rìn láàárín ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin láyé àtijọ́. Alárinà mọ ilé tí wọn kò ti fẹ́ràn ariwo, ó mọ ilé tí ìyá ọmọ ni ó ń sọ̀rọ̀ tí bàbá ń gbà, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí a lọ àti ìgbà tí kò yẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni alárinà ìwé ṣe mọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gbé ìwé jáde. Ó mọ èyí tí ń fẹ́ ìwé alàwòrán fún ọmọ ọdún mẹ́rin, ó mọ èyí tí ń fẹ́ ìtàn gígùn fún ọmọ ọdún méjìlá, ó sì mọ èyí tí kì í gba ìtàn rárá àfi ìwé ìṣirò. Òun ni yóò ka ìwé náà, tí yóò ní kí òǹkọ̀wé tún ibi kan ṣe, tí yóò gbé e lọ, tí yóò dúnàá dúrà lórí owó, tí yóò sì ka ìwé àdéhùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí òǹkọ̀wé tó fọwọ́ sí i.

Ibi kan ṣoṣo ni wọ́n ti yàtọ̀. Àwọn àgbà ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹba. Alárinà ìwé kì í yẹba ní tirẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìwé náà bá ń tà lábẹ́ àdéhùn tí ó bá wọn ṣe, ìpín rẹ̀ kò ní dúró.

Mélòó ni ìpín náà? Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní nǹkan bí ọdún 1880, ọmọ ilẹ̀ Scotland kan tí à ń pè ní A. P. Watt sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, náírà mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni à bá pe ohun tí ó ń gbà bí ó bá jẹ́ pé náírà ni wọ́n ń ná. Lónìí, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà, ogún sì ni bí wọ́n bá ta ìwé náà sí ilẹ̀ òkèèrè.

Ẹ mú bírò kí a jọ ṣírò rẹ̀. Ká ní à ń ta ìwé kan ní N1,000. Ká ní ilé-iṣẹ́ tí ó gbé e jáde ń fún òǹkọ̀wé ní mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, N100 nìyẹn lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀dà 2,000 bá tà, owó òǹkọ̀wé di N200,000. Bí alárinà bá wà níbẹ̀, yóò mú N30,000, N170,000 yóò sì kù fún olùkọ́ wa. Ẹ rántí pé ó lè gba ọdún mélòó kan kí ẹ̀dà 2,000 tó tán. Ta ni yóò fi N30,000 san owó ọ́fíìsì, owó iná àti owó akọ̀wé fún irú àkókò bẹ́ẹ̀? Ìdí nìyí tí àwọn alárinà ìwé kò fi pọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Kì í ṣe pé a kò gbọ́n tó. Ọjà náà ni kò tíì tóbi tó láti bọ́ wọn. Ilé-ìwé ni ó ń ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ọmọdé níhìn-ín, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gbé ìwé jáde sì ti mọ́ bíbá olùkọ́ tí ó kọ̀wé sọ̀rọ̀ lójúkojú.

Nínú ìṣirò yìí ni ẹ ti lè rí ohun tí yóò gbà yín lọ́wọ́ ẹlẹ́tàn. Nínú ohun tí alárinà tòótọ́ bá mú bọ̀ wálé ni ó ti ń jẹ. Bí kò bá mú nǹkan kan bọ̀, kò ní jẹ nǹkan kan. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá pè yín lórí fóònù pé òun jẹ́ alárinà, pé ìwé yín dùn ju oyin lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ fi owó ìkàwé ránṣẹ́ ná, ẹ kí i dáadáa kí ẹ sì pa fóònù yín. Ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kí ó tó ta ìwé kò ní ìdí kan láti tà á mọ́. Mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé gbọ́ èyí pẹ̀lú, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ máa ń bá bàbá àti ìyá yín ka ọ̀rọ̀ orí fóònù.

Ó dára. Bí alárinà kò bá pọ̀, báwo ni àwọn tí ó ṣáájú wa ṣe ṣe é?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ nílé. Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ní 1903, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí. Ní 1936 ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ St Andrew's ní Ọ̀yọ́. Ní ọdún náà ni ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ kéde ìdíje ìwé kíkọ. Fágúnwà gbé àfọwọ́kọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ìwé náà ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ilé-ìtàwé C.M.S. sì gbé e jáde ní 1938. Kò sí ẹnì kan tí ń gba ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀. Ìdíje náà ni ó ṣe alárinà: ó mú ìwé olùkọ́ kan kúrò lórí tábìlì rẹ̀, ó gbé e dé iwájú àwọn tí ó ní agbára láti tẹ̀ ẹ́.

Apá kejì ìtàn náà ni mo fẹ́ràn jù, àwọn ènìyàn kì í sì í sábà sọ ọ́. Láti 1955 títí di 1959, Fágúnwà ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìwé títẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-oòrùn ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó di aṣojú ilé-iṣẹ́ Heinemann níbẹ̀, títí ó fi kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Ẹni tí kò rí alárinà nígbà tirẹ̀ wá jókòó sí ibi tí ìwé àwọn ẹlòmíràn ń gbà kọjá. Ẹ tún wo ọdún tí ó débẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn, Òkìtìpupa sì wà nínú rẹ̀. Iye ọmọ tí ó wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 800,000 ní ọdún kan náà. Ọmọ tí ó tó bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ohun tí wọn yóò kà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba náà a máa gbé ìwé ìròyìn kan jáde fún wọn, Aworẹrin ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ tí ó bá sì lè kọ ìtàn kékeré a máa rí àyè níbẹ̀.

Ti Amos Tutùọlá yàtọ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó, kò sì kàwé púpọ̀. Ìwé tí ó kọ́kọ́ kọ, ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń tẹ ìwé nípa yíya fọ́tò ni ó fi ránṣẹ́ sí! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ẹni tí kò mọ ojú ọjà ṣe ń ṣe nìyẹn, òun gan-an sì ni iṣẹ́ tí alárinà wà fún. Nígbà tí ó kọ The Palm-Wine Drinkard, ó rí ìkéde ẹgbẹ́ kan tí ń tẹ ìwé ẹ̀sìn Kristi ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí wọn. Ìtàn ẹni tí ó tẹ̀lé adẹ́mu rẹ̀ dé ìlú àwọn òkú kì í ṣe ohun tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò jù ú nù. Wọ́n gbé e fún ilé-iṣẹ́ Faber and Faber, àwọn yẹn sì gbé e jáde ní 1952. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn ṣe alárinà fún ìwé ẹlẹ́mu, kò sì gba kọ́bọ̀ kan.

Rédíò pàápàá ti ṣe é rí. Chinua Achebe, tí ó wá kọ Chike and the River fún àwọn ọmọdé ní 1966, ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò ní Èkó nígbà tí ó fi ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ó ní ti ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gba owó, wọ́n sì dákẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ní ilé-iṣẹ́ rédíò, Angela Beattie, ni ó lọ bá wọn níbẹ̀ nígbà tí ó lọ sinmi nílé, ni wọ́n tó jí gìrì. Ní 1958 ilé-iṣẹ́ Heinemann tẹ ẹ̀dà 2,000 ìwé náà, Things Fall Apart. Ká ní ẹ̀dà kan ṣoṣo yẹn ṣègbé ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ kọ ìwé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀dà kan ṣoṣo jáde kúrò nílé yín láéláé.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ìyẹn ti pẹ́. Ti Harry Potter ńkọ́?" Ó dára, ẹ jẹ́ kí a wo ti Harry Potter. J. K. Rowling fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí alárinà kan, ó dá a padà. Ó fi ránṣẹ́ sí ìkejì, ìyẹn sì jẹ́ ẹni tí kì í gba ìwé ọmọdé, nítorí ó gbà pé owó kò sí nínú wọn. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì náà ni ó yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ dá padà, ó kà á, ó sì rọ ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ilé-iṣẹ́ méjìlá ni ó kọ̀ ọ́. Nígbà tí ó dé ilé-iṣẹ́ Bloomsbury, ọ̀gá ibẹ̀ gbé orí kìíní fún ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọmọ náà kà á tán, ó ní òun fẹ́ ìyókù. Ní 1997 ìwé náà jáde, ẹ̀dà 500 péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀ ní ẹlẹ́yìn líle. Ẹ ò rí i pé ọmọ kíláàsì kẹta wà nínú àwọn tí ó dá ẹjọ́ náà.

Olùkọ́ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ ní ogójì nínú kíláàsì kan ṣoṣo. Kí ẹ tó wá alárinà, ẹ ka ìtàn yín fún wọn láìsọ ẹni tí ó kọ ọ́, kí ẹ sì máa wo ẹsẹ̀ wọn. Bí ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀. Ibẹ̀ ti gùn jù. Obìnrin kan tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, tí ó wá ń gbé ní Wales, Atinuke ni orúkọ rẹ̀, ti ń fi ẹnu pa ìtàn fún àwọn ọmọdé kí ìwé rẹ̀ Anna Hibiscus tó jáde ní 2007. Etí àwọn ọmọ ti yọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ kí atẹ̀wé tó rí i.

Nígbà tí ìtàn bá ti tò, ibo ni kí a gbé e lọ? Bí èdè Yorùbá ni ẹ fi kọ ọ́, ẹ má ṣe dààmú ara yín nípa alárinà ìlú òyìnbó. Kò lè kà á. Ìbàdàn ni kí ẹ kọjú sí. Ní àdúgbò Jericho níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí University Press, Evans àti ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ́ Heinemann tẹ́lẹ̀, tí à ń pè ní HEBN. Kí ẹ tó fi nǹkan ránṣẹ́, ẹ wọ ilé-ìtàwé kan, kí ẹ wo ẹ̀yìn àwọn ìwé ọmọdé tí ó jọ tiyín, kí ẹ kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó gbé wọn jáde. Èyí ni Tutùọlá kò ṣe nígbà tí ó kọ̀wé sí àwọn oníwèé fọ́tò. Bí Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ fi kọ tiyín, ẹ lè wá alárinà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń gba lẹ́tà, ìlànà wọn a sì máa wà níbẹ̀. Ẹ tẹ̀lé e bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ẹ má wá ayàwòrán fúnra yín kí ẹ sì máa náwó lé e lórí. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá gba ìwé yín ni ó sábà máa ń yan ẹni tí yóò ya àwòrán rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè wa ńkọ́? Ìkálẹ̀ ní ohùn tí Ọ̀yọ́ kò ní, ọmọ wa sì mọ̀ ọ́n kí ó tó mọ ti inú ìwé. Èrò tèmi ni pé kí ẹ fi Yorùbá tí a ń kọ ní ilé-ìwé sọ ìtàn náà, kí ọmọ Ìbàdàn lè kà á, ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá la ẹnu, ẹ jẹ́ kí ó sọ Ìkálẹ̀. Bí ẹni tí ń tún ìwé ṣe ní Ìbàdàn bá béèrè pé kí ni púpurú, kí ẹ má sì sọ ọ́ di àmàlà láti lè tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ sọ fún un pé a ń rẹ ẹ̀gẹ́ títí yóò fi kan, a ń fún omi rẹ̀ dànù, a ń mọ ọ́n ní roboto bí ọwọ́ ṣe gbà á, a ń tò ó sókè iná títí èéfín yóò fi sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di dúdú, a wá ń họ dúdú náà kúrò kí a tó lọ̀ ọ́. Ohun tí ọmọ kan lè gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú ìwé nìyẹn. Ìdí tí ẹ fi kọ ọ́ ni.

Lẹ́tà yín kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo fi orí mẹ́ta àkọ́kọ́ ìwé kan ránṣẹ́ sí yín. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mọ́kànlá ni mo kọ ọ́ fún. Ó jẹ́ ìtàn ọmọbìnrin kan tí ń wá ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀ tí ó sọnù lórí odò. Gbogbo rẹ̀ tó ọ̀rọ̀ 10,000, ó sì ti parí. Olùkọ́ ni mí ní Òkìtìpupa." Ó tó. Ẹ má kọ ọ́ pé yóò sọ yín di olówó, ẹ má sì kọ ọ́ pé ìyá yín fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn ló kù. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022 ní Nàìjíríà, tiyín ni ìwé náà láti ọjọ́ tí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì jẹ́ ti àwọn àrólé yín fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú yín. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò fún yín ní owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún òun, ẹ ka ìwé náà nígbà mẹ́ta, kí ẹ sì pe agbẹjọ́rò kan kó bá yín wò ó. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi owó ara yín tẹ̀ ẹ́, ìyẹn kò burú. Atẹ̀wé ni ẹ lọ bá nígbà náà, òun yóò tẹ̀ ẹ́, yóò gba owó rẹ̀, yóò sì kó páálí fún yín. Títà rẹ̀ di ọwọ́ yín. Ilé-ìkàwé àpapọ̀ Nàìjíríà ni yóò fún yín ní nọ́ńbà tí à ń kọ sí ẹ̀yìn ìwé. Ìwé tí ó ti jáde ni àwọn tí ń fúnni ní ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ Nigeria LNG máa ń gbà; nígbà tí ó kan ìwé àwọn ọmọdé ní 2024, Olubunmi Familoni ni ó gba $100,000 náà.

Bí ẹ bá ti fi lẹ́tà yín ránṣẹ́, tí oṣù mẹ́ta sì kọjá láìsí èsì, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú kan láti béèrè. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń gbé e lọ síbòmíràn, kí ẹ sì gbé e lọ. Láàárín àkókò náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìkejì.